Òkúta Tí Wọ́n Ní Kì Í Sùn

Kí àwọn ènìyàn tó máa pè é ní Ìyá Alẹ̀mọ́, aago ni ó ń tún ṣe. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, nínú ìsọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì lọ. Ńṣe ni tọkọtìyàwó máa ń kọ ẹ̀yìn síra wọn jókòó, nítorí bí wọ́n bá kojú síra, orúnkún á máa gbá orúnkún. Ọkọ kú, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Síkúrù tí kò tó orí abẹ́rẹ́, yóò fi ẹ̀mú mú un, yóò gbé e sójú ihò rẹ̀, kò sì ní mí títí yóò fi wọlé. Ó ní lójú ohun kékeré, èémí ẹni pàápàá ìjì ni.

Nígbà tó yá, fóònù gba ọwọ́ gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó tún ń so aago mọ́ ọwọ́ àfi ẹni tó bá fẹ́ ṣe fújà, eṣinṣin nìkan ló sì kù tó ń wọ ìsọ̀. Obìnrin yìí ti ilẹ̀kùn, ó lọ gba iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé ìwádìí yunifásítì, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ojú rẹ̀ kò sì ní là sílẹ̀ kí ọmọ náà wá jókòó sílé.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ilé ìwádìí náà wà. Àtẹ̀gùn mọ́kànlélógún ni ènìyàn ń sọ̀ kó tó débẹ̀. Inú ibẹ̀ ń dún gbì-gbì-gbì bí àyà ẹni tó sáré, nítorí àwọn ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kì í sinmi. Ọkùnrin kan ló ń tọ́jú ẹ̀rọ òtútù tó wà láàárín yàrá, Bàbá Fìríìjì ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ kì í dùn sí orúkọ yẹn. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ga ju ènìyàn méjì lọ, òtútù tó sì ń mú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ibi tí òtútù parí sí pátápátá. Tí ẹnikẹ́ni bá pè é ní fìríìjì, á ní kí onítọ̀hún lọ kó ẹran rẹ̀ wá, kí àwọn jọ wò ó bóyá á tún di ẹran mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, agbálẹ̀ bá Bàbá Fìríìjì lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ bí afọ́jú. Òkúta kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó wo ojú ilẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń wá síkúrù tó bá sọnù. Ó rí i lábẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ó yọ ẹ̀mú tó fi ń tu irun ojú nínú báàgì rẹ̀, ó mú òkúta náà, ó sì gbé e sórí pẹrẹsẹ bàbà tí ọkùnrin náà ti tọ́jú sílẹ̀, láàárín gangan, láìyẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Bàbá Fìríìjì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má tún fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ yẹn mọ́."

Báyìí ló ṣe di Ìyá Alẹ̀mọ́. Ogún ọdún ló fi ṣe é. Òkúta yòówù tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n nínú òtútù, òun ni yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbà, òun ni yóò fi wáyà fàdákà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ so ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè níbẹ̀ ni kò lè ṣe é. Wọ́n á gbìyànjú, wọ́n á làágùn, wọ́n á wá fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó, ṣùgbọ́n ó mọ òkúta. Ó mọ èyí tó ń fọ́ sí pẹlẹbẹ àti èyí tó ń fọ́ bí ṣúgà.

Ibẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó dàgbà. Oníbèéèrè ni wọ́n ń pe ọmọ náà láti kékeré, nítorí kò sí ohun tí kì í bi ènìyàn léèrè. Òun ló ń se òkúta jáde. Ó ń po oríṣi erùpẹ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n láyé pọ̀, yóò fi iná ńlá yọ́ ọ, yóò jẹ́ kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, títí tí òkúta gígùn bí àtàǹpàkò, tó mọ́ gaara bí gíláàsì, yóò fi jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé, ìyá bi í pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń wá nínú òkúta náà gan-an. Ọmọ kó ṣíbí mẹ́ta sórí tábìlì, ó tò wọ́n sí igun mẹ́ta. Ó ní inú òkúta náà kún fún òòfà kéékèèké tí ojú kò lè rí, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì jókòó báyìí. Ìwà wọn kan náà ni: kò sí èyí tó fẹ́ kọjú síbi tí aládùúgbò rẹ̀ kọjú sí. Tí èyí bá kọjú sókè, ìkejì á kọjú sísàlẹ̀.

Ìyá ní, "Ẹ̀kẹta wá ńkọ́?"

"Màámi, òun gan-an ni wàhálà. Tó bá kọjú sókè, ó ti ṣẹ ẹni yìí. Tó bá kọjú sísàlẹ̀, ó ti ṣẹ ẹni yẹn."

Ìyá ní òun mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó bi í pé bí òtútù bá wá mú wọn ńkọ́, nítorí òtútù a máa mú kí aláriwo pa ẹnu dé. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè tí gbogbo ayé ń béèrè nìyẹn. Ọ̀gá àwọn sọ pé òtútù kò lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní títí dé ògiri ibi tí òtútù parí sí, wọ́n á ṣì máa yí, wọn ò ní fohùn ṣọ̀kan láéláé. Òkúta tí kì í sùn ló sọ ọ́. Òkìkí rẹ̀ ti kàn nítorí òkúta yẹn, wọ́n ń pè é kiri ayé kó wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀gá yìí jẹ́ ọkùnrin àrímáleèlọ, aláṣọ fífín, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Òun ló fi àṣẹ lélẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa lẹ òkúta náà: gírísì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wáyà fàdákà ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ní bí gírísì bá pọ̀, ooru ara gírísì á dà pọ̀ mọ́ ti òkúta, ìwọ̀n á bàjẹ́. Ìyá Alẹ̀mọ́ ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ó ṣe é, ó ń ṣe é.

Oníbèéèrè ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń lẹ òkúta, ó wo tẹmómítà tó wà lára bàbà, ó wo òkúta tó fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí gírísì bí ẹyẹ.

Ó ní, "Màámi, bàbà la ń bi léèrè pé ṣé ó ti tutù. Ta ló bi òkúta?"

Ìyá dá ọwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ náà yé e ju bó ṣe máa yé ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Bí ènìyàn bá na ìka kan ṣoṣo kan omi tútù, ìka á tutù, ara yòókù á ṣì móoru. Àwọn méjèèjì jọ ṣe é lọ́nà mìíràn. Ọmọ gé òkúta pẹlẹbẹ bí èékánná. Ìyá fi ọ̀dà fàdákà kun gbogbo ojú rẹ̀ kan, ó tẹ́ ẹ mọ́ bàbà pẹrẹsẹ, ó fi wáyà mẹ́fà so ó, ó sì lẹ tẹmómítà kékeré kejì mọ́ ẹ̀yìn òkúta fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin dúró. Ní ọjọ́ kẹrin, ìlà ojú kọ̀ǹpútà tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ yọ gegele kan. Àwọn òòfà inú rẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan: òkúta náà ti sùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò tíì tutù tó rí, kò sẹ́ni tó fún un ní òtútù tó máa fi sùn.

Ọmọ mú un lọ bá Ọ̀gá pẹ̀lú ìdùnnú. Ẹni tí kò mọ ayé ni.

Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan fún un lójúkojú. Ó dúró di ọjọ́ ìpàdé, nígbà tí gbọ̀ngàn kún, tí àwọn àgbà onímọ̀ láti ibòmíràn wà níjókòó. Oníbèéèrè dìde, ó fi gegele náà hàn wọ́n. Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí ọmọ yìí rí kì í ṣe òkúta tó ń sùn. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a lẹ òkúta, ọwọ́ arúgbó sì ń gbọ̀n. Ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wọ̀n, ó wá ń pariwo pé òun ti rí nǹkan tuntun."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Alẹ̀mọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dúró sí. Ó gbọ́ ẹ̀rín náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọn kò gbọ̀n nígbà yẹn pàápàá.

Láàárín oṣù kan, Ọ̀gá ti gba iṣẹ́ òkúta kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà. Níbi gbogbo tó bá kọ̀wé sí pé kí wọ́n gba òun, Ọ̀gá ti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ọmọ náà padà sílé, ó jókòó lórí àga kan náà lójoojúmọ́. Oníbèéèrè kò béèrè nǹkan kan mọ́. Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, ó dìde lọ bu omi mu, kò padà débi àga. Dókítà ní ọkàn ni, ó ní ó ti wà lára rẹ̀ láti kékeré, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá kò bá dókítà jiyàn. Ó mọ̀ pé ara nìkan ni àìsàn bá nílẹ̀ láti pa. Èyí tó kù, ẹlòmíràn ti pa á ṣáájú.

Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun bá a kẹ́dùn gan-an, pé Ọlọ́run yóò tu ú nínú, pé ìgbà wo ló lè padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí òkúta mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè lẹ̀ wọ́n.

Obìnrin náà ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa á pọ̀, ó fi sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ní ọjọ́ keje, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀san ló gbé e padà, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀. Ó ń jí pẹ̀lú rẹ̀, ó ń wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó ń dáhùn pé Ọlọ́run ní iṣẹ́ púpọ̀ nílẹ̀, kí òun bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òun nìkan wà nínú yàrá, ó ṣí àpótí tí wọ́n ń kó òkúta sí, ó mú èyí tí ọmọ rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sè. Ó mú òòlù kékeré tó fi ń tún aago ṣe. Ó gbé òkúta lé orí irin. Ó gbé òòlù sókè.

Ó dúró. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí òkúta yìí bá fọ́, irọ́ ọkùnrin yẹn á di òkú tí kò ṣeé bi léèrè mọ́. Á máa sọ fún ayé pé òkúta òun kì í sùn nígbà ayé rẹ̀, ta ló máa jí i dìde wá jiyàn? Ó dá òkúta padà sínú òwú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ya Bàbá Fìríìjì lẹ́nu. Ó ń lẹ òkúta fún Ọ̀gá gẹ́lẹ́ bí Ọ̀gá ṣe fẹ́: gírísì orí abẹ́rẹ́, wáyà ẹyọ kan. Ọ̀gá ń wọ̀n, òkúta kò sùn, Ọ̀gá ń kọ̀wé sí i, òkìkí ń pọ̀ sí i. Ọdún kan, ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ kan, ó gbé e kọ́ ògiri. Ìyá Alẹ̀mọ́ lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó kí i kú oríire, ó sì fi aṣọ nu eruku ojú gíláàsì àmì ẹ̀yẹ náà.

Bàbá Fìríìjì kò lè mú un mọ́ra. Òun náà ló bá wọn tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ gegele yẹn, ó mọ òtítọ́, ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó lanu. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ ń dúró dè?"

Ó dá a lóhùn pé, "Mò ń dúró kó gùn ún dókè ni. Ẹni tó bá já látorí àpótí ìjókòó, á dìde gbọn ìdí nù ni."

Òkè náà kò pẹ́ ga tó. Àwọn onímọ̀ ní ibòmíràn ti se irú òkúta kan náà, wọ́n ní tàwọn ń sùn. Ọ̀gá bú wọn nínú ìwé, wọ́n bú u padà. Nígbà tí ariwo pọ̀, àwọn tó ń darí ìwádìí yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kí wọ́n wá dúró ti ìwọ̀n náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ̀rẹ̀ láti orí lílẹ̀ òkúta. Arúgbó obìnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn ni alága wọn. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ojú rẹ̀ kì í dé.

Ọkàn Ọ̀gá balẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń fi ẹsẹ̀ ara òun rìn lọ síbi kòtò. Lójú tirẹ̀, ta ni Ìyá Alẹ̀mọ́ bí kì í bá ṣe ọwọ́ méjì tó wà lára arúgbó? Ó kó àwọn àlejò yí tábìlì iṣẹ́ ìyá náà ká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tó mọ òkúta lẹ̀ tó ìyá yìí ní gbogbo ayé, pé ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Alẹ̀mọ́ jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí i pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ìyá, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Ìyá Alẹ̀mọ́ kò wojú rẹ̀. Alága ló kọjú sí. Ó ní, "Mà, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí òkúta kì í fi í tutù, ọ̀kan sì wà tó fi ń tutù. Èwo lẹ fẹ́?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìyá kò kàwé, pé kò mọ ohun tó ń sọ. Alága gbé ìka kan sókè, ó dá a dúró. Ó bi Ìyá Alẹ̀mọ́ pé kí ni ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì, ìyá sì ṣàlàyé fún un lọ́rọ̀ ìka àti omi tútù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alága mi orí, ó ní, "Ẹ ṣe méjèèjì."

Ó gé pẹlẹbẹ méjì lára òkúta kan náà. Èyí tó wà lósì, ó fi gírísì orí abẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú wáyà ẹyọ kan, bí Ọ̀gá ṣe pàṣẹ. Èyí tó wà lọ́tùn-ún, ó fi ọ̀dà fàdákà tẹ́ gbogbo ojú rẹ̀, ó so wáyà mẹ́fà. Ó fi tẹmómítà sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan wọn. Orí bàbà kan náà làwọn méjèèjì wà, inú òtútù kan náà ni wọ́n ń lọ. Kò sí ẹni tó mí dáadáa títí tó fi so wáyà tó gbẹ̀yìn. Bàbá Fìríìjì gbé e wọlé, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ìgbìmọ̀ sì fi èdìdì dì í.

Òtútù irú èyí kì í yára. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Ìyá Alẹ̀mọ́ gbé àga kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn gíláàsì ọ́fíìsì Ọ̀gá gan-an, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, ibẹ̀ ló wà. Bí Ọ̀gá bá gbójú sókè, òun ló rí. Bó bá fẹ́ lọ tọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa gbà kọjá. Ìyá Alẹ̀mọ́ á kí i, "Ẹ kúuṣẹ́, Ọ̀gá," pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ ọ̀gá. Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá sọ fún un pé kí ó lọ sinmi nílé, pé kò sí iṣẹ́ fún un. Ó ní ìsinmi gan-an lòun ń ṣe yìí, pé ara òun kò tíì balẹ̀ tó báyìí láti ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá fi bébà bo gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin náà wo bébà yẹn, inú rẹ̀ dùn dénú egungun.

Lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, gbogbo wọn yí kọ̀ǹpútà ká. Tẹmómítà bàbà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó wà lẹ́yìn òkúta ọ̀tún tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn òkúta òsì ti dúró sójú kan láti àná, ó jókòó sínú ooru tirẹ̀, ó kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìlà òkúta òsì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlà òkúta ọ̀tún ń gorí bọ̀, ó ń gorí bọ̀, ó yọ gegele, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì.

Alága fi orí ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí gegele náà. Ó ní òkúta yìí ń sùn. Ó wá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ rí i.

Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá Fìríìjì ló sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọmọ ìyá yìí ni. Ó ti kú." Ó lọ mú ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí wá, ó ṣí i síbi ọjọ́ náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbé e síwájú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá wọ yàrá iṣẹ́ Ìyá Alẹ̀mọ́, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní ìgbìmọ̀ kò tíì fọwọ́ sí ìwé wọn. Ó ní bí ìyá bá lè kọ̀wé pé wáyà òkúta òsì já lọ́wọ́ òun, pé gbogbo rẹ̀ dàrú, wọ́n lè ní kí wọ́n tún un ṣe ní ìgbà mìíràn, ara á sì ti tù díẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn lè yẹ̀."

"Ọwọ́ wo, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá bojú wo ilẹ̀kùn tó tì.

"Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni, àbí èyí tí kì í yẹ̀ tí ẹ júwe fún àwọn àlejò? Nítorí méjì péré ni mo ní."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. Ó ní òun ní ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ìyá Alẹ̀mọ́ ní, "Èmi náà ní in rí."

Ọ̀gá kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ibẹ̀ tòun taṣọ fífín rẹ̀, ó ní kí ó sọ ohun tó bá fẹ́, òun á ṣe é. Obìnrin náà jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ó parí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ó nu ẹ̀mú rẹ̀, ó tò ó sínú àpò. Láti ogún ọdún tó ti ń bá ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́, "ẹ" ló ń pè é, ọ̀wọ̀ ni. Ọjọ́ yẹn ló bọ́ ọ̀wọ̀ náà sílẹ̀.

"O máa kọ ọ́ pé ọmọ mi ló rí i, orúkọ rẹ̀ á sì ṣáájú tìẹ. O máa kọ ọ́ pé o mọ̀, o sì pa á mọ́. Lẹ́yìn náà o máa kà á sókè fún gbogbo wọn, nínú gbọ̀ngàn yẹn. Bí o kò bá ṣe é, màá wá jókòó síwájú ilé rẹ, kí ọmọ rẹ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ máa kí mi láràárọ̀, kó sì bi ọ́ léèrè ẹni tí mo jẹ́."

Ó kọ ọ́.

Gbọ̀ngàn kún ju ti ìjọ́sí lọ, nítorí ìròyìn ẹ̀tẹ́ kì í fẹsẹ̀ rìn, ó ń fò ni. Wọ́n fẹ́ mú Ìyá Alẹ̀mọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága lórí pèpéle. Ó kọ̀, ó ní iwájú gan-an lòun fẹ́, láàárín, níbi tí òun ti lè rí ẹnu rẹ̀. Bàbá Fìríìjì jókòó tì í. Ọ̀gá dìde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá igbá àyà ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ó ti ka nǹkan bí ìdajì nígbà tí Ìyá Alẹ̀mọ́ dìde.

Ó ní, "Gbé ohùn sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́. Bẹ̀rẹ̀ látòkè."

Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ó jókòó. Alága fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń dúró. Ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó pe orúkọ ọmọ náà lódindi, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ló rí i. Ó ní ìwọ̀n rẹ̀ tọ́, ọwọ́ tó lẹ̀ ẹ́ sì tọ́, pé òun mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pé òkìkí ara òun lòun ń dáàbò bò. Níbi tó ti sọ pé òun kọ̀wé sí àwọn ibòmíràn kí wọ́n má gbà á, ohùn rẹ̀ já. Ó dúró. Ìyá Alẹ̀mọ́ kò ràn án lọ́wọ́. Ó wo ẹnu rẹ̀ títí tó fi tún là, tó sì kà á dé òpin.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀ ní ìjọ́sí, wọ́n sì ti rẹ́rìn-ín nígbà náà. Obìnrin náà yíjú padà, ó wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyára, àwọn náà sì ń wo ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá pa bébà náà pọ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle bọ̀, ó ti na ọwọ́ síwájú, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Bàbá Fìríìjì sọ sí i létí pé ó fẹ́ wá tọrọ àforíjì, pé kí ìyá rọra gbà á, kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́.

Ìyá Alẹ̀mọ́ mọ̀. Ó ti rí i lójú rẹ̀ pé ó ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn, pé láti òru ló ti ń kọ́ ọ sórí, pé bó bá ti lè sọ ọ́ jáde, yóò padà sílé lọ sùn bí ẹni tó wẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀, ó dìde, ó gba ọ̀nà àárín jáde kí ọkùnrin náà tó kan ilẹ̀. Ó gbọ́ tó pe òun, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," kò yẹ ẹsẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fà á dé lẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì fi ọkùnrin náà sílẹ̀ níbẹ̀ tòun ti ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu, kí ó gbé e lọ sílé.